Akọ̀wé tí ó gé okùn fèrèsé

Ọkùnrin kan wà, akọ̀wé ni ní ilé ìwòsàn kan tí àwọn onígbàgbọ́ kọ́ sí etí odò, òun ni ó sì ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn ibẹ̀. Mu omi rẹ, Ọdẹ́wálé, kí o jókòó dáadáa. O ní kí n bá ọ gbàdúrà kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. A óò gbà á bí ó bá yẹ kí a gbà á, ṣùgbọ́n gbọ́ èyí ná. Pé o ti di ọ̀gá ilé ìwé kò ní kí n má lè kọ́ ọ mọ́. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ mú nígbà tí o kọ́kọ́ kọ lẹ́tà.

Kí kọ̀ńpútà tó dé ilé ìwòsàn náà, inú fáìlì ni orúkọ gbogbo aláìsàn wà. Eku a jẹ àwọn kan, òjò a rin àwọn kan. Obìnrin tí ó bá dé ní agogo méje àárọ̀ lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì di ọ̀sán gangan kí akọ̀wé tó rí fáìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dun akọ̀wé. Ènìyàn dáadáa ni o, má rò pé ìtàn olè ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ó ra ìwé, ó fi ọdún méjì kọ́ iṣẹ́ kọ̀ńpútà fúnra rẹ̀, ó sì ṣe ohun kan tí kò sí ní ilé ìwòsàn kankan ní agbègbè náà.

Bí ohun náà ṣe rí nìyí. Ó ṣe àká kan sínú kọ̀ńpútà tí ó wà ní yàrá rẹ̀. Inú àká yìí ni ó kó gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn sí: orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn tí ó ti ṣe é rí, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ṣùgbọ́n a kì í rí inú àká. Ojú kọ̀ńpútà ni à ń wò, akọ̀wé sì ṣe ohun kan sí ojú rẹ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní fèrèsé. Àwọn àlàfo kéékèèké wà lójú fèrèsé náà, ọ̀kan fún orúkọ, ọ̀kan fún ọjọ́ orí, àti ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, tí ó fi àwọ̀ pupa yí ká, fún oògùn tí ara kọ̀. Ó wá so àlàfo kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tirẹ̀ nínú àká. Òun a máa pè é ní okùn. Kì í ṣe okùn tí ọwọ́ lè dì mú. Àṣẹ ni, tí ó kọ fún kọ̀ńpútà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà nínú àká, fèrèsé a yí padà fúnra rẹ̀. Fèrèsé kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ rárá. Ohun tí àká bá mọ̀ ni ó ń sọ.

Mẹ́rin ni fèrèsé náà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, ọ̀kan lọ́dọ̀ dókítà, ọ̀kan ní yàrá àwọn aláboyún, ọ̀kan ní yàrá abẹ́rẹ́. Bí agbẹ̀bí bá kọ nǹkan ní yàrá aláboyún, kí ó tó gbé ojú sókè, ó ti hàn ní yàrá abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tí ń jókòó di ọ̀sán mọ́. Àwọn aláìsàn ń súre fún akọ̀wé.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn àlejò rẹ̀ wá wo ilé ìwòsàn. Dókítà àgbà ní kí akọ̀wé fi iṣẹ́ náà han òun. Wọ́n lọ sí yàrá abẹ́rẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àwọn àlejò yóò dúró sí. Akọ̀wé tẹ kọ̀ńpútà, fèrèsé ṣí, ó sì funfun báláú. Orúkọ inú àká ti lé ní ẹgbàá mẹ́wàá, wáyà tí ó lọ sí yàrá abẹ́rẹ́ sì gùn ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n dúró. Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Akọ̀wé, ṣé fèrèsé tìrẹ sùn ni?”

Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, orúkọ ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti wọ akọ̀wé lára, kò sì jáde mọ́. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ oríyìn pẹ́, ẹ̀rín díẹ̀ a máa ta á.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ó padà sí yàrá abẹ́rẹ́, ó gé okùn. Ó da gbogbo orúkọ àti ọ̀rọ̀ inú àká kọ bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ náà, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú fèrèsé. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, wàì, ó ti ṣí. Àwọ̀ kan náà ni, àlàfo kan náà ni, ẹni tí ó bá wò ó kò lè mọ̀ pé ohunkóhun yàtọ̀. Akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀ pé bí àwọn àlejò bá ti lọ, òun yóò tún un so.

Àwọn àlejò dé. Bíṣọ́ọ̀bù fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí wàì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò akọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ńpútà náà, ó sì gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀.

Ó wá tún un so bí? Kò so ó o! Ọ̀la, ọ̀túnla. Àwọn nọ́ọ̀sì yàrá abẹ́rẹ́ ń yìn ín pé fèrèsé tiwọn ni ó yá jù, ojú sì ń tì í láti dá èyí tí ń sùn padà fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun ń wọ inú àká lójoojúmọ́. Nítorí náà, ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn nọ́ọ̀sì tó dé, akọ̀wé a lọ da orúkọ kọ lákọ̀tun, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé. Aláìsàn tuntun tí ó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀, akọ̀wé a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé pélébé lé e lọ́wọ́ kí ó mú un lọ sí yàrá abẹ́rẹ́. Wo ọkùnrin tí ó sọ ara rẹ̀ di ẹrú! Iṣẹ́ tí okùn ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń yọ́ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Irú ìbàlẹ̀ ọkàn bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà wá tọrọ lọ́wọ́ mi, àbí?

Obìnrin aránṣọ kan wà ní ìlú náà, Ìbírónkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án tí ó ti wà ní ilé ọkọ ni ó tó lóyún. Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹrin yìí, ó lọ sí yàrá àwọn aláboyún. Orúkọ rẹ̀ ti wà nínú àká tipẹ́. Bí agbẹ̀bí ṣe ń bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè, ó rántí ohun kan tí ìyá rẹ̀ sọ fún un kí ó tó kú. Ó sọ fún agbẹ̀bí pé nígbà tí òun wà ní kékeré, wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ pẹnisílínì, ara òun wú, ọ̀fun òun dí, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n sin òun. Agbẹ̀bí kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tilẹ̀ yí ojú kọ̀ńpútà sí i kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

“Ó ti wọ inú ẹ̀rọ nìyẹn, Màmá,” ni agbẹ̀bí wí. “Ibi yòówù kí ẹ dé nínú ọgbà yìí, wọn yóò rí i.”

Obìnrin náà dúpẹ́, ó lọ sílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ gún un wọ ìka. Ó fi epo pa á, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ Ẹtì, ọwọ́ ti wú dé ọrùn ọwọ́, ibà ti mú un, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀kadà gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, àṣẹ sì wà pé irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró dè é. Nọ́ọ̀sì yàrá abẹ́rẹ́ ni ó gbà á. Ọdún kọkàndínlógún nìyí tí nọ́ọ̀sì yìí ti ń gún abẹ́rẹ́ nínú yàrá náà, ẹnikẹ́ni kò sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn rí.

“Ṣé abẹ́rẹ́ kan wà tí ara yín kì í gbà?” ni ó bi í.

“Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́rú,” ni obìnrin náà wí, òtútù ń gbọ̀n ọ́n. “Ó wà nínú ẹ̀rọ yín. Ẹ wò ó.”

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́, fèrèsé ṣí wàì. Orúkọ wà níbẹ̀. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Àlàfo pupa ìsàlẹ̀ ṣófo. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì ṣófo. Ó fa pẹnisílínì sínú abẹ́rẹ́, ó gún un.

Ọ̀fun rẹ̀ dí lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì du ẹ̀mí rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin náà kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n oyún náà bàjẹ́, oyún oṣù márùn-ún tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án retí.

Ariwo náà bá akọ̀wé ní yàrá rẹ̀. Ó tẹ orúkọ obìnrin náà, ó wo ohun tí ó wà nínú àká. Ó wà níbẹ̀ gbangba: ara rẹ̀ kọ pẹnisílínì. Ọjọ́rú ni wọ́n kọ ọ́. Ó mọ̀ pé àká kò gbàgbé nǹkan kan, ó sì mọ ẹni tí kò jẹ́ kí fèrèsé gbọ́. Nígbà tí gbogbo wọn ti sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì obìnrin náà, ó wọ yàrá abẹ́rẹ́, ó sì tún okùn so. Kò gbà á ju bí ènìyàn ṣe ń jẹ ẹ̀kọ méjì lọ. Iṣẹ́ tí ó ti ń sún síwájú láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Àlàfo pupa kún lójú rẹ̀. Ó ní, ó kéré tán, kò tún ní ṣe ẹlòmíràn mọ́.

Ìwọ ńkọ́, Ọdẹ́wálé, ṣé àtúnṣe náà dára? Má tíì dáhùn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ó mú ọsàn dání, ó lọ kí obìnrin náà. Ó fa ojú ro. Ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé, “Ẹ kú ìrọ́jú, sà. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.” Ọkọ náà dì í lọ́wọ́ mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi akọ̀wé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọrin pẹ̀lú àwọn ènìyàn.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n pe ìpàdé sí yàrá abẹ́rẹ́. Dókítà àgbà wà níbẹ̀, àti mátírọ́ọ̀nù tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, àti agbẹ̀bí, àti nọ́ọ̀sì tí ó gún abẹ́rẹ́, àti ọkọ obìnrin náà. Wọ́n ní kí akọ̀wé náà wá, nítorí òun ni ó ni ẹ̀rọ.

“Mo kọ ọ́ sílẹ̀,” ni agbẹ̀bí wí. “Ojú obìnrin náà ni mo ti kọ ọ́.”

“Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò sí níbẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Mo fi àwọn ọmọ mi búra.”

Dókítà ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Ó funfun fún ìgbà díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kíyè sí i bí kò ṣe akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ jáde, àlàfo pupa sì kún fọ́fọ́.

“Ṣebí òun nìyí!” Ọkọ náà fò dìde. “Ẹ wò ó! Òun nìyí!”

Dókítà yíjú sí akọ̀wé. “Ìwọ tí o ṣe é, sọ fún wa. Ṣé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wà nínú àká kí ó má hàn lójú fèrèsé?”

“Rárá, sà,” ni akọ̀wé wí. “Bí mo ṣe ṣe é ni pé mo so wọ́n mọ́ra.”

Yéè! Òótọ́ ni ó sọ, àbí kì í ṣe òótọ́? Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe é. Irọ́ sì ni láti òkè dé ilẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó súnmọ́ kọ̀ńpútà. Ó fi ìka kan ojú rẹ̀ níbi tí àwọ̀ pupa wà. Ó wò ó pẹ́. Akọ̀wé ti múra de kí ó bínú, ó ti múra de igbe àti èpè. Nọ́ọ̀sì kò gbé ẹnikẹ́ni ṣépè. Aago kékeré kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń há mọ́ àyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú tirẹ̀, kò tètè tú. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú mátírọ́ọ̀nù. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ obìnrin náà.

“Ẹ foríjì mí, bàbá. Ojú mi ni kò ríran. Ó wà níbẹ̀, n kò sì rí i.”

Akọ̀wé gbọ́ ọ. Obìnrin tí ojú rẹ̀ dá ṣáká ni ó ń tọrọ àforíjì nítorí pé ó fọ́jú. Kò kàn gba ẹ̀ṣẹ̀ akọ̀wé rù, ó ti gbà á gbọ́ pé tirẹ̀ ni. Bí akọ̀wé kò bá ti yọ́ tún okùn náà so, wọn ì bá ti rí àlàfo tí ó ṣófo, wọn ì bá sì ti mọ̀ pé òótọ́ ni nọ́ọ̀sì ń sọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni ó sọ olóòótọ́ di òpùrọ́. Ó rìn lọ sí ibi tí nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ sí.

“Ẹ dìde, Nọ́ọ̀sì. Ojú yín kò ṣe nǹkan kan. Kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo gé okùn rẹ̀ nítorí kí ó lè yá lójú bíṣọ́ọ̀bù. Èmi náà ni mo yọ́ wá tún un so nígbà tí ẹ̀yin ń du ẹ̀mí.”

Ọkọ obìnrin náà wo akọ̀wé bí ẹni tí ń gbìyànjú láti rántí ibi tí ó ti mọ ènìyàn.

“Láti ọjọ́ Ẹtì ni o ti mọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ìwọ ni o sì dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi tí o ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.”

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀.

“Ọsàn rẹ ṣì wà níbẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “Ìyàwó mi ti jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀.” Ó sì jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n lé akọ̀wé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri. Mátírọ́ọ̀nù fi ọwọ́ ara rẹ̀ há aago padà mọ́ àyà nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní títí ọdún fi yí po, bí nọ́ọ̀sì náà bá fẹ́ gún ẹnikẹ́ni, a pe ẹlòmíràn wá kí ó bá òun wo àlàfo pupa náà. Kò fi ọkàn tán ojú ara rẹ̀ mọ́. Ìyẹn náà wà lọ́rùn akọ̀wé.

Ìtàn náà dúró síbẹ̀. O ò mu omi rẹ mọ́.

Inú rẹ ni àká, Ọdẹ́wálé. Ojú tí o ń gbé kiri ọgbà ilé ìwé ni fèrèsé. Ẹni tí ó dá ọ so méjèèjì pọ̀, kí ohun tí inú mọ̀ lè máa hàn lójú. Ìwọ ti gé e. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ dùn ní ìpàdé àwọn òbí, pé o tilẹ̀ sunkún nítorí ọmọ náà.

Ọmọ ọdún méje já sínú kànga ilé ìwé rẹ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Wọ́n ní olùkọ́bìnrin tí ó ń ṣọ́ àwọn ọmọ kò wo kànga. Ó ń búra pé láti àárọ̀ ni ìdérí onípákó kànga náà kò ti sí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí sáré dé, ìdérí wà lẹ́nu kànga, wọ́n sì pè é ní òpùrọ́. Ilé mi kọjú sí ọgbà yín. Mo ti dàgbà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ríran. Mo rí ẹni tí ó gbé ìdérí náà lọ ní àárọ̀, kí ó lè fi ṣe tábìlì fún àwọn àlejò tí ó ń retí. Mo rí ẹni náà tí ó gbé e padà nígbà tí àwọn ènìyàn sáré tẹ̀lé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ti ń dúró láti ọjọ́ náà kí ó ti ẹnu rẹ jáde. Bí kò bá jáde lẹ́nu rẹ, ní agogo mẹ́wàá ọ̀la tí wọ́n fẹ́ lé olùkọ́bìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, èmi yóò fi ọ̀pá mi rìn dé ibẹ̀, èmi yóò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní wo ìwọ sàn.

Olùkọ́bìnrin náà wá síbí lánàá. Orí àga tí o jókòó sí yẹn ni ó jókòó sí. Kò ní kí n bá òun gbàdúrà, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni ó bi mí. Ó ní, “Bàbá, ṣé ènìyàn lè wo pákó gbàǹgbà kí ó má rí i?”

N kò ní bá ọ gbàdúrà lónìí. Mú fìlà rẹ. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú. Lọ dá a lóhùn.